Kọ́kọ́rọ́ láíbìrì ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ rèé

Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn ṣe ń di olùtọ́jú láíbìrì ilé-ìwé kì í gba àkókò rárá. Prínsípà á kàn pè yín lọ́jọ́ kan, bóyá torí pé English tàbí Yorùbá lẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ, bóyá torí pé píríọ́dù yín ò pọ̀, wọ́n á na kọ́kọ́rọ́ sí yín, wọ́n á ní "ẹ bá wa mójú tó ibẹ̀ yẹn." Ó parí. Ẹ ṣílẹ̀kùn, eruku gba imú yín, ìwé wà nílẹ̀, àga tó ti kán lẹ́sẹ̀ wà lórí ìwé, ìlù tí wọ́n fi ń ṣe máàṣì-páàsì wà lórí àga. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ ló sọ mí ní Àǹtí Láíbìrì, orúkọ náà sì ti mọ́ mi lára. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ na kọ́kọ́rọ́ sí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, ẹni tí kò lọ kọ́ iṣẹ́ láíbìrì ní yunifásítì àmọ́ tó fẹ́ ṣe é dáadáa.

Ohun kan ṣá o, kẹ́ ẹ mú un dání látìbẹ̀rẹ̀. Ìwé wà fún lílò. Ará Íńdíà kan tó ń jẹ́ Ranganathan kọ òfin márùn-ún fún iṣẹ́ láíbìrì lọ́dún 1931, òfin àkọ́kọ́ tó fi síbẹ̀ nìyẹn. Ó lè dà bí ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, àmọ́ nílé-ìwé tí mo lọ, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni wọ́n ń pè ní láíbìrì, ọdún mẹ́fà gbáko la fi ń wo ìwé láti ẹ̀yìn gíláàsì, àfi tí àwọn inspẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí i, wọ́n á nu eruku, wọ́n á tún tì í pa. Mo ṣì rántí ẹ̀yìn ìwé kan, búlúù ni, ó nípọn, mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ títí dòní. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, torí kírú ẹ̀ má ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kankan lọ́wọ́ yín ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìwé

Ẹ wọlé lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ ibi tí páànù ti ń jò, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí omi bá ti kán, kẹ́ ẹ má gbé ṣẹ́ẹ̀fù síbẹ̀ láéláé, kódà tí wọ́n bá ní àwọn ti tún un ṣe.

Ikán ló kàn. Ẹ wo ara ògiri, tẹ́ ẹ bá rí ìlà erùpẹ̀ tó ń gòkè bọ̀ láti ilẹ̀, ọ̀nà wọn nìyẹn. Ẹ fi ìka kan pákó ṣẹ́ẹ̀fù kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá dún bí ohun tó ṣófo, wọ́n ti jẹ inú ẹ̀ tán. Ẹ má jẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀fù kankan fara kan ògiri, kó fi tó ìka mẹ́rin jìnnà sí i, kí àkájà ìsàlẹ̀ pátápátá náà sì ga nílẹ̀ tó ibi tí ìgbálẹ̀ á fi lè wọ abẹ́ ẹ̀. Bàbá kápẹ́ńtà tó bá wa ṣe tiwa ní ká gbé ẹsẹ̀ ṣẹ́ẹ̀fù sínú agolo mílíìkì ká sì da ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ó ń ba yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ jẹ́, la bá fi pákó bo iwájú ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé ńkọ́? Tí ọyẹ́ bá dé, eruku tó ń gba inú lúfà wọlé pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ lè nù lọ, ẹ so kọ́tìnì síbẹ̀, aṣọ gbígbẹ ni kẹ́ ẹ sì máa fi nu ìwé, ẹ má fi omi kàn án.

Èwo ló máa dúró, èwo ló máa lọ

Ẹ kó gbogbo ìwé kalẹ̀, kẹ́ ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó dáa, èyí tó ń fẹ́ àtúnṣe, èyí tó ti kọjá lílò. Apá kẹta yìí ló máa ń dun èèyàn. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé ìwé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kó dànù, àmọ́ ìwé tó ń kọ́ ọmọ ní ohun tí kò tọ̀nà kò yẹ lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Bí mo ṣe máa ń dá tàwọn ìwé Government àti Jọ́gíráfì mọ̀ rèé: mo máa ń wá ibi tí wọ́n ti ka iye ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Tó bá pe 12, ìwé tó wà láàárín 1967 sí 1976 nìyẹn. Tó bá pe 19, ó ti wà ṣáájú 1987. 21 ni 1987, 30 ni 1991 tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀, 1996 ni wọ́n sì tó yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó tí gbogbo ẹ̀ wá di 36. Ìwé tó bá ṣì pe Èkó ní olú-ìlú Nàìjíríà, ó ti pẹ́ ju December 1991 lọ. Ti sáyẹ́ǹsì, ẹ wo iye pílánẹ́ẹ̀tì, tó bá ka Pluto mọ́ ọn tó fi di mẹ́sàn-án, ó ti wà kí àwọn onímọ̀ sánmà tó yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2006. Ẹ lè tọ́jú ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìwé àtijọ́ yìí fún tíṣà History, àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn láti fi wọ́n wé tòní, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ti àtijọ́ ni.

Ìwé táwọn èèyàn fi ń tọrẹ náà, ẹ ṣí i wò kẹ́ ẹ tó dúpẹ́. Páálí ńlá ńlá máa ń wá látòkè òkun, inú ẹ̀ á kún fún ìwé òfin orílẹ̀-èdè míì, ìwé kọ̀ǹpútà tí Windows tó wà nínú ẹ̀ ti kúrò lóde tipẹ́, ìwé ọmọdé nípa bí wọ́n ṣe ń fi yìnyín mọ èèyàn. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ kọ̀ ọ́ o. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ fi lísìtì ohun tẹ́ ẹ nílò ránṣẹ́, ẹni tó fẹ́ ṣoore inú ẹ̀ máa dùn pé ẹ sọ fún òun.

Rẹ́jísítà àti òǹtẹ̀

Ẹ ra nóòtì ńlá elẹ́yìn líle kan, ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́ tí ìwé wọlé, nọ́ńbà, òǹkọ̀wé, àkọlé, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ àti ọdún, ibi tó ti wá, iye owó, lẹ́yìn náà àlàfo fún ọ̀rọ̀ bíi "ó sọnù" tàbí "a ti yọ ọ́ kúrò." Ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, ẹ̀dà mẹ́wàá tẹ́ksíbúùkù kan náà, nọ́ńbà mẹ́wàá ni. Ẹ má fi nọ́ńbà ìwé tó sọnù fún òmíràn láé, wàhálà tí ìyẹn máa dá sílẹ̀ tí ìwé àkọ́kọ́ bá padà wá lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, ojú mi ti rí i.

Òǹtẹ̀ ilé-ìwé, ẹ lù ú sí ẹ̀yìn ojú ewé tí àkọlé wà, kẹ́ ẹ tún mú ojú ewé kan tẹ́ni kankan ò mọ̀ àfi ẹ̀yin, ká ní 27, kẹ́ ẹ máa lù ú síbẹ̀ nínú gbogbo ìwé. Ẹni tó bá ya ojú ewé àkọ́kọ́ dànù kò ní rántí ibẹ̀ yẹn. Ẹ má lu òǹtẹ̀ lórí àwòrán tàbí lórí ọ̀rọ̀ ṣá, ọmọ fẹ́ kà á.

Títò ó kó má bàa di ìwákúwàá

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ láíbìrì ń gbà tò ó, ti ará Amẹ́ríkà kan, Melvil Dewey, ni, ọdún 1876 ló gbé e jáde. Ó pín gbogbo ìmọ̀ sí mẹ́wàá láti 000 dé 900. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ilé-ìwé ò nílò ju ìwọ̀nba nọ́ńbà lọ. Ìṣirò 510, iṣẹ́ àgbẹ̀ 630, àlọ́ ìjàpá àti ti gbogbo ẹranko 398.2, èdè Yorùbá 496.333, lítíréṣọ̀ Yorùbá 896.333, ìtàn Nàìjíríà 966.9. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sórí bébà kékeré, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ bàbá òǹkọ̀wé sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé níbi tí ojú ti lè rí i tó bá wà lórí ìdúró. Tó bá jẹ́ praímárì ni, àwọ̀ ti tó, ẹ lẹ téèpù pupa mọ́ ìtàn, àwọ̀ ewé mọ́ ẹranko àti ọ̀gbìn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibì kan wà tí Dewey ò ṣe dáadáa sí wa. Nínú 200 tó jẹ́ ti ẹ̀sìn, láti 220 dé 280 ló fún Bíbélì àti ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì, Ìsìláàmù gba 297 péré, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Áfíríkà wà ní 299.6 ní ìkángun níbẹ̀. Nílé-ìwé tí Músùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ọmọ oníṣẹ̀ṣe ti jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, mi ò lè jẹ́ kí ọmọ kan máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá ìwé ẹ̀sìn tiẹ̀ lábẹ́. Àkájà kan ṣoṣo ni mo kó gbogbo ẹ̀ sí, níwọ̀n ibi tí ojú wọn dé. Nọ́ńbà ò yí padà, ibi tí mo gbé e sí ló yí padà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí: ìwé Yorùbá, ẹ fi álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá tò ó. Lẹ́tà 25 la ní, E ṣáájú Ẹ, G ṣáájú GB, O ṣáájú Ọ, S ṣáájú Ṣ. Gbádégẹṣin kò lè wà láàárín àwọn oní-G, ẹ̀yìn gbogbo wọn ló máa wà. Sànyà á ti tán pátápátá kó tó kan Ṣóbándé. Ẹ kọ álífábẹ́ẹ̀tì náà gàdàgbà sókè ṣẹ́ẹ̀fù yẹn. Àwọn ọmọ tèmi, táwọn míì nínú wọn ò lè ka A, B, D délẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ JSS1, wọ́n mọ̀ ọ́n lórí báyìí torí pé wọ́n ń fi wá ìwé.

Yíyá wọn níwèé

Ẹ lẹ àpò bébà kékeré mọ́ inú èèpo ẹ̀yìn ìwé, ẹ ki káàdì kan bọ̀ ọ́ tí nọ́ńbà àti àkọlé ìwé wà lórí ẹ̀. Tọ́mọ bá fẹ́ yá a, ẹ yọ káàdì, ó kọ orúkọ àti kíláàsì ẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó máa dá a padà, káàdì dúró lọ́dọ̀ yín nínú páálí, ìwé tẹ̀ lé ọmọ lọ. Bébà kékeré míì tún wà nínú ìwé tẹ́ ẹ máa lu ọjọ́ yẹn sí kọ́mọ má bàa gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ kan fún JSS, ọ̀sẹ̀ méjì fún SS, ìwé kan lẹ́ẹ̀kan. Kò nílò kọ̀ǹpútà, kò nílò iná.

Owó ìtanràn ńkọ́? Mi ò gbà á, mi ò sì ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ gbà á. Ní táàmù tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn pé ẹni tó bá ba ìwé jẹ́ á san án. Ọmọ JSS2 kan ò wá mọ́. Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà búréèkì, á wo inú, á lọ. Ìgbà tí mo pè é wọlé lọ́jọ́ kan, ó fa láílọ́ọ̀nù dúdú kan yọ nínú báàgì ẹ̀, ìwé náà wà nínú ẹ̀, ó ti wú, ojú ewé ti lẹ̀ mọ́ra wọn, àwọ̀ èèpo ti ran mọ́ inú. Òjò ló jò lé e lórí níbi tí wọ́n ń sùn. Ó ti fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa gbé e wá sílé-ìwé lójoojúmọ́, tí á sì tún gbé e padà lọ sílé. Mo fa ìwé ara ilẹ̀kùn yẹn ya lójú ẹ̀.

Àwa méjèèjì la jọ tún ìwé yẹn ṣe, ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀ torí ó máa wúlò fún yín. Ẹ má sá a sóòrùn, oòrùn á jẹ́ kó ká jọ. Ẹ gbé e dúró lórí ìdí, kẹ́ ẹ ṣí i díẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ, ẹ fi tíṣù sáàárín ojú ewé mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí fáànù tàbí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ máa pààrọ̀ tíṣù. Èyí tó bá lẹ̀ pọ̀, ẹ má fi tipátipá ya á, ẹ dúró kó gbẹ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ẹ̀yìn rúlà là á. Tó bá ku ọ̀rinrin díẹ̀, ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ fi búlọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ fi bébà wé tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìwé tó ya lásán, gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà pẹ̀lú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ máa lò, ẹ gbàgbé selotéèpù, kì í pẹ́ tó fi máa pọ́n, tí á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Sítáàsì ẹ̀gẹ́ náà, ẹ má lò ó, aáyán fẹ́ràn ẹ̀ jù.

Ìwé tó sọnù pátápátá, a máa ń bá òbí sọ̀rọ̀, ẹni tágbára ẹ̀ bá ká a rà á, ẹni tí kò ká, ọmọ ẹ̀ á wá bá wa lẹ ìwé lọ́jọ́ Friday mélòó kan. Lọ́dọọdún ìwé á máa sọnù díẹ̀. Ẹ sọ fún prínsípà ṣáájú pé bó ṣe máa rí nìyẹn, torí ẹ̀rù ìwé tó máa sọnù ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ti láíbìrì pa.

Iṣẹ́ yín gan-an

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Iṣẹ́ olùtọ́jú láíbìrì gan-an ni kó mọ ọmọ, kó mọ ìwé, kó sì fojú àwọn méjèèjì kan ara wọn. Ẹ wo ọmọ tó máa ń tú rédíò, ẹ mú ìwé lórí iná mànàmáná fún un, ẹ má dúró dìgbà tó máa béèrè, kò mọ̀ pé ó wà.

Ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ẹ lọ bá tíṣà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi skíìmù iṣẹ́ wọn hàn yín. Tí tíṣà Agric bá máa kọ́ wọn ní kòkòrò tó ń ba ọ̀gbìn jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìwé tó bá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì iwájú ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Kò sóhun tó máa ń jẹ́ káwọn tíṣà fẹ́ràn láíbìrì bí èyí.

Láíbìrì ní láti ní píríọ́dù tiẹ̀ lórí táìmù-tébù, ẹ bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n á fi fún yín. Nínú ogójì ìṣẹ́jú, mo máa ń lo bíi márùn-ún láti gba ìwé padà, mo máa ń kàwé sí wọn létí fún mẹ́wàá, wọ́n á ka tiwọn fún ogún, márùn-ún tó kù fún yíyá. Kíkà sí wọn létí yẹn, ẹ má fò ó nítorí pé wọ́n ti dàgbà. Ìwé Yorùbá pàápàá, ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ ọ́ nílé àmọ́ wọn ò lè kà á, wọ́n rí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, bákan náà ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹ̀ létí tójú wọn sì wà lórí àmì, ó máa ń wọ̀ wọ́n lára.

Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan nínú ìwé. Mo máa ń pín ìwé Agric kan fún ọmọ méjì méjì, màá ní kí wọ́n wá ohun tó ń jẹ́ kí ewé ẹ̀gẹ́ pọ́n. Gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i láti ojú ewé kìíní. Màá jẹ́ kó sú wọn díẹ̀, màá wá fi atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé hàn wọ́n. Ariwo tí wọ́n máa ń pa nígbà tí wọ́n bá rí i pé kíá ni wọ́n lè débẹ̀!

Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà ní JSS2 ńkọ́? Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Ẹ má fún un ní ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kò ní padà wá mọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní kí irú wọn wá máa kàwé fáwọn ọmọ Primary 2 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní láti fi ìwé kékeré náà múra sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ṣáájú, kò sẹ́ni tó lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ torí "bùrọ̀dá" ni wọ́n níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa rán ọmọ tó pẹ́ dé wá jẹ̀yà nínú láíbìrì. Ẹ kọ̀ ọ́ jálẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, níta ni ká ti bá a wí."

Owó, àti ìwé tí kò gba owó

Ẹ máa kọ iye ọmọ tó wọlé lójoojúmọ́ àti iye ìwé tó jáde. Tí ìpàdé PTA bá dé, ẹ má lọ bẹ̀bẹ̀ lásán, ẹ ka nọ́ńbà yẹn sí wọn létí, kẹ́ ẹ wá dárúkọ ohun kan pàtó tẹ́ ẹ fẹ́, bíi bẹ́ńṣì mẹ́rin. Tí wọ́n bá ní láíbìrì kì í ṣe dandan, ìkéde tí UNESCO àti IFLA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn láíbìrì lágbàáyé, jọ gbé jáde lórí láíbìrì ilé-ìwé lọ́dún 1999 kò gùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fún prínsípà.

Tí ilé-ìwé bá ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹ fi Kiwix sí i, ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó lè da Wikipedia sórí ẹ̀ tí wọ́n á máa kà á láìsí dátà, ti Yorùbá náà wà níbẹ̀. Ìtàn ọmọdé ní Yorùbá wà lórí ìkànnì kan tó ń jẹ́ African Storybook, tí wọ́n gbà kéèyàn tẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí A4, ẹ ká a sí méjì, ẹ fi sítápù gún un láàárín, ó ti di ìwé.

Ìparí sẹ́ṣọ̀n

Ní July, ẹ gbé rẹ́jísítà, kí ọmọ kan máa pe nọ́ńbà lórí ṣẹ́ẹ̀fù kí òmíràn máa fi pẹ́ńsùlù sàmì. Ọjọ́ méjì ti tó fún láíbìrì kékeré. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní gbà pẹ̀lú mi: ẹ má kó ìwé pa mọ́ fún hólídé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ mú mẹ́ta mẹ́rin lọ sílé, kí òbí fọwọ́ sí i. Oṣù méjì òjò nínú yàrá tí wọ́n tì pa, ikán àti ọ̀rinrin ló máa ń jẹ àǹfààní ẹ̀. Tí wọ́n bá wọlé ní September, ẹ gbé tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ jókòó tì í pẹ̀lú páálí káàdì yín, kẹ́ ẹ máa bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń dá ìwé padà: "Èwo lo fẹ́ràn jù? Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀?"